Orí Ìrọ̀rí Ló Ti Ń Wá: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Imú Àbúrò Mi

Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n ilé àbúrò mi obìnrin ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wáyé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ẹni ọdún 29 ni nígbà náà, kò ní àìsàn mìíràn tí a mọ̀, kì í sì í mu sìgá. Ọdún kẹrin nìyẹn tí ohun kan náà ń ṣe é. Bí koríko bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná báyìí, imú rẹ̀ á máa da omi, á máa sín léraléra, ìgbà mẹ́wàá, ìgbà méjìlá, láìsinmi. Ojú á pọ́n, á máa yún un. Àjà ẹnu lókè lọ́hùn-ún náà á máa yún un débi pé ahọ́n ló fi ń họ ọ́. Bí koríko bá sì gbẹ tán, gbogbo rẹ̀ á lọ bí ẹni pé kò wá rí.

Ọ̀fìnkìn ló ń pè é. Ọdún méjì tẹ̀léra ló ti lọ ra kápúsù apakòkòrò fún ara rẹ̀, ó gbé e mì tán, kò rí ìyàtọ̀. Kò lè rí ìyàtọ̀, nítorí kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀ tí kápúsù fẹ́ pa. Ọ̀fìnkìn kì í sábà ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ; ara á máa ro ni, ara lè gbóná, ikun imú á sì ki. Ti àbúrò mi ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, omi tó ń dà nímú rẹ̀ mọ́ gaara, ara rẹ̀ kò sì gbóná rí. Èyí tó jẹ́ kó dá mi lójú jù ni yíyún yẹn. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé imú òun ń dà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni bóyá ojú ń yún un. Álẹ́jì ni èyí, ohun kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, oògùn tó ń mú oorun kun mi yẹn, mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Chlorpheniramine ló ń sọ. Ó lò ó lọ́dún tó ṣáájú, oorun sì gbé e lọ nídìí ọkọ̀ nígbà tó ń dúró de iná ojú pópó. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fọn fèrè jí i. Ẹ̀rù bà mí nígbà tó sọ ọ́. Mo ní àwọn oògùn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, bíi loratadine, kì í sábà mú oorun kun èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a lè ṣe láìgbé nǹkan kan mì. Mo gbà, àmọ́ mo ní kó bá mi ṣe àdéhùn. Á máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. A kò ní yí ju nǹkan kan padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mímí bá sì ti nira, ilé ìwòsàn ni, kò sí àríyànjiyàn.

Nǹkan mẹ́rin ló ń fún ní máàkì láàárọ̀ àti lálẹ́: sísín, imú tó ń da omi, imú tó dí, àti ojú tó ń yún. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí rárá, 3 túmọ̀ sí pé ó le gan-an. Èyí tó ga jù tó lè ní nígbà kan jẹ́ 12. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kọ 11 láàárọ̀, ó kọ 8 lálẹ́. Mo rí nọ́ńbà méjèèjì yìí, n kò sì fura sí wọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Kí n sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ṣe dá lé. Koríko àti ọ̀pọ̀ igi kì í dúró de oyin kó wá bá wọn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn kiri. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi rán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú u jáde lọ́pọ̀ yanturu, tó fúyẹ́, tó sì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Ní 1819, dókítà kan ní Ìlú Ọba, John Bostock, ròyìn àìsàn yìí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ. Charles Blackley, dókítà mìíràn ní Manchester tí imú ń yọ lẹ́nu bákan náà, ló wá fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1873 pé lẹ́búlẹ́bú koríko ló ń fà á. Ó ń fi í sí imú ara rẹ̀ láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó ń fi nǹkan tó ń lẹ̀ pa ojú gíláàsì kó lè fi mú un nínú afẹ́fẹ́, kó sì kà á. Ó tiẹ̀ fi káìtì gbé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ sókè, kó lè mọ̀ bóyá ó dé ọ̀hún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an: ó ń jìyà, ó sì ń ka ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́.

Lẹ́búlẹ́bú yìí kò ní oró kankan nínú. Àwọn sójà ara ló ṣì í mú fún ọ̀tá. Bó bá ti balẹ̀ sí awọ inú imú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ histamine jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yíyún, sísín àti omi imú á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìgbì kejì lè dé, inú imú á wú, á sì dí. Ẹni tó fa á símú lọ́sàn-án lè wá máa jìyà rẹ̀ lálẹ́. Nítorí náà, bí a kò bá ní lo oògùn, ohun méjì péré ló kù tí a lè ṣe: kí a má jẹ́ kó dé imú, tàbí kí a fọ̀ ọ́ kúrò kó tó pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí àbúrò mi kọ́kọ́ dá lẹ́bi ni ìyẹ̀fun yẹ́lò tó ń bo ojú ọkọ̀ rẹ̀ àti etí fèrèsé. Ó fi ìka fà á, ó gbé ìka náà wá síwájú mi: "Ẹ wò ó, òun nìyí." Òun kọ́ ni. Irú yẹ́lò tí ojú ń rí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti igi páìnì, ó tóbi, nǹkan bí ìda sì bò ó lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá álẹ́jì sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, yẹ́lò yẹn kò sí mọ́, nọ́ńbà inú ìwé kò sì kúrò lójú kan. Ó ti gbé ìkòkò òdòdó rẹ̀ jù síta pẹ̀lú. Mo ní kó lọ gbé e wọlé. Òdòdó aláràbarà tí oyin ń bà lé, lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ra, kì í fò kiri púpọ̀.

Ohun kan wà tó ní láti kúrò nílẹ̀ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń fín oògùn kan símú, irú èyí tó ń la imú lójú ẹsẹ̀. Bí a bá lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí imú, èèyàn á sì tún máa fín in nítorí dídí tó fà. Ó fi sílẹ̀. Òru mẹ́ta àkọ́kọ́ le gan-an, ilé rẹ̀ ni mo sùn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kan, a lè wá sọ pé dídí tó kù jẹ́ ti álẹ́jì nìkan.

Omi iyọ̀ ló tẹ̀ lé e. Òun la fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé nínú gbogbo ọ̀nà tí kì í ṣe oògùn, òun ni mo fọkàn tán jù. Àmọ́ kí n tó dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ṣe é fúnra rẹ̀: ó fi ọwọ́ bu iyọ̀, ó sì gba omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí mo wọlé, ó di bẹ́síìnì mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi ata sí òun nímú. Títa yẹn kì í ṣe ohun tó bà mí lẹ́rù. Omi tí kò sè ló bà mí lẹ́rù. Omi ẹ̀rọ tó mọ́ tó fún mímu lè má mọ́ tó fún imú, torí pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí inú ikùn máa ń pa lè gba imú dé ọpọlọ. Ní 2011, èèyàn méjì kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ fọ imú, ọ̀kan lára àwọn ohun ẹlẹ́mìí yẹn, Naegleria fowleri, ló sì wọ̀ wọ́n lára. Kì í wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kí omi hó ni gbogbo ohun tó gbà láti dènà rẹ̀.

Bí a ṣe wá ṣe é nìyí. Omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko (níbi tí ilẹ̀ bá ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni), a dé e, a jẹ́ kó rọlẹ̀ títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú 240 mílílítà omi náà, a fi ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì sí i, a rò ó títí kò fi sí hóró kankan nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́síìnì, ó da orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó la ẹnu, ó ń fi ẹnu mí. Mo ní kó máa pe "káà" jẹ́ẹ́jẹ́ bí omi bá ti ń wọlé, torí bí ọ̀fun bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ omi kì í já sí i. Ó rọra fún ike náà ní ihò imú tòkè, omi sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀, ikun mímọ́ gaara gùn tẹ̀ lé e bí okùn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó fi imú méjèèjì mí sínú, ó tún un ṣe, ó wá wò mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gbóòórùn ọṣẹ." Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kò ti gbóòórùn ohunkóhun.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń ṣe é, bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́ àti kó tó sùn. Ike náà ní láti di fífọ̀, kó sì gbẹ, lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, nọ́ńbà alẹ́ ti 8 bọ́ sí 5. Ti àárọ̀ kò ju pé ó bọ́ sí 10 lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a mú ọ̀rọ̀ ilé àti ojú. Fèrèsé wà ní títì láti ìdájí títí ọ̀sán á fi pọ́n, àti ní gbogbo ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tí ilẹ̀ sì gbẹ. Inú ilé ló ń sá aṣọ sí. Ó ń wọ awò ojú tó fẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́, ó ń fi básílíìnì díẹ̀ pa etí ihò imú, ó sì ń wọ ìbòmú tó bá fẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ti ń gé koríko. Bí ojú bá ń yún un, aṣọ tútù tí a fi omi tútù rin ló ń gbé lé e dípò kó máa fi ọwọ́ ra á, nítorí fífi ọwọ́ ra ojú ń mú kí histamine túbọ̀ tú jáde. Alẹ́ di 4. Àárọ̀, 9.

Ibí yìí ni mo ti wá jókòó ti ìwé náà. Kí ló dé tí ẹni tó wà nínú ilé látàárọ̀dálẹ́ ọjọ́ ìsinmi, tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tún fi ń jí pẹ̀lú 9? Ibi tó ti ń sùn ló yẹ kó jẹ́ ibi ààbò.

Àbúrò mi máa ń di irun, irun dídì tó gùn dé èjìká, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan, ó tú u. Ó fọ orí dáadáa, ó sì pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti tutù. Àárọ̀ Sunday, ó kọ 4. Mo rò pé òjò ló rọ̀; òjò kò rọ̀. Monday, 4. Tuesday, 5. Ọjọ́ Wednesday ó lọ di irun mìíràn. Títí di Friday, àárọ̀ ti padà di 8. Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, mo ní, "Irun rẹ ni. Irun rẹ lo fi ń gbé e wọlé."

Kò sí ohun tó ń mú eruku dúró bí irun dídì. Gbogbo ohun tó bá fò lójú ọjọ́ á bọ́ sáàárín ìdì, á dúró síbẹ̀. Bó bá wá fi orí lélẹ̀ lálẹ́, ó ń dà á sórí ìrọ̀rí, ó ń yí ojú sí i, ó ń fà á símú fún wákàtí méje. Lóru ọjọ́ kejì ó tún ń da mìíràn lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó sùn. N kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn rí nípa irun orí, ó sì dùn mí, torí ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò lè fọ irun lálaalẹ́.

A dán ìrọ̀rí nìkan wò ná: aṣọ ìrọ̀rí tuntun ní gbogbo alẹ́, láìfọwọ́ kan irun. 7 ni. Lẹ́yìn náà la wá mú irun mọ́ ọn. Kó tó jáde, á fi síkáàfù di gbogbo orí, kò ní jẹ́ kí ìdì kan yọ síta. Bó bá ti dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń tú u, kì í gbọ̀n ọ́n, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí ló ń jù ú sí de ọjọ́ fífọ̀. Á fi aṣọ tó rin nù ìdì kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, á nu ìpéǹpéjú, á wẹ̀, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ yàrá. Aṣọ tó wọ̀ jáde kì í wọ yàrá rárá. Aṣọ ìrọ̀rí ń lọ sínú omi gbígbóná lọ́jọ́ méjì-méjì. Ọjọ́ kẹrin, ó kọ 3 láàárọ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Mo sùn."

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé oyin wá, pé oyin àdúgbò ẹni máa ń kọ́ ara ní lẹ́búlẹ́bú àdúgbò. Ó lá a fún oṣù kan, ó gbádùn rẹ̀, nọ́ńbà kò mira. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin ń bà lé ló pọ̀ nínú oyin, ti koríko tí afẹ́fẹ́ ń gbé kò tó nǹkan níbẹ̀. Àgbàlagbà lè máa lá a bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, torí pé irúgbìn kòkòrò tó ń fa àìsàn botulism lè wà nínú rẹ̀. Fífi orí sórí ooru omi gbígbóná la imú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún dí. Mo ti tọ́jú èèyàn tí irú omi bẹ́ẹ̀ dà sí lára, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan tún fẹ́ tà á ní kápúsù ewé butterbur. Ìwádìí ti wà tó fi hàn pé ó ń ran imú lọ́wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé náà ní èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí wọn kò bá yọ ọ́ kúrò, kò sì sí ohun tó fi hàn lára ìgò yẹn pé wọ́n yọ ọ́. A kò rà á.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìjì dé. Òjò tó rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, àbúrò mi sì ti mọ èyí, ó ti máa ń ṣí fèrèsé nígbà tí òjò bá dá. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣí i bí ìjì àti àrá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. N kò kìlọ̀ fún un pé ìjì àrá yàtọ̀. Ọ̀rinrin inú irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú koríko sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yìí kéré tó láti kọjá imú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní Melbourne ní Australia, ní 21 November 2016, ìjì kan ṣe bẹ́ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kún ilé ìwòsàn, èèyàn mẹ́wàá kú. Nínú wọn, àwọn kan wà tí kò mọ̀ pé àwọn ní ásímà.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ló pè mí. Ọ̀rọ̀ kò jáde geere lẹ́nu rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù, ó ń dún fíì-fíì bó bá ti mí síta. A lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn. Wọ́n fún un ní oògùn tí èèyàn ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, àyà rẹ̀ sì tú. Dókítà gbóríyìn fún ìwé máàkì náà, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: omi iyọ̀ àti síkáàfù dára, kó má fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ àyà tó ti ń dún kúrò ní ọ̀rọ̀ ohun àdáyébá nìkan. Ó kọ oògùn sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fín símú fún un, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe irú èyí tó ń dí imú padà, kì í sì í mú oorun wá, ọjọ́ mélòó kan ló máa ń gbà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ojoojúmọ́ sì ni a ń lò ó. Àbúrò mi gbà. Kò ja ìjàkadì kankan, ẹ̀rù ti bà á.

Nígbà tí koríko gbẹ, wọ́n yẹ awọ rẹ̀ wò. Wọ́n fi bírò sàmì sí apá rẹ̀, wọ́n kán omi kọ̀ọ̀kan sí ibi àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un díẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ibi tí wọ́n kán ti koríko sí wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ó pọ́n yí ká, ó ń yún un débi pé mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ibi tí wọ́n kán ti kòkòrò inú eruku ilé sí wú díẹ̀. Ti igi kò wú rárá. Gbogbo ìyẹ̀fun yẹ́lò yẹn, kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọdún yìí, kò dúró de kí imú dà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí koríko tó tanná ló ti bẹ̀rẹ̀ oògùn afínmú tí dókítà kọ, omi iyọ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, oògùn àyà wà nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un nípa ìtọ́jú tó ń fi lẹ́búlẹ́bú náà mọ ara lára díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, èyí tí dókítà kan, Leonard Noon, kọ́kọ́ ròyìn ní 1911. Ó ṣì ń rò ó. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, ó ṣì ń kọ 5 lálẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì síkáàfù wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Àárọ̀ òní, 2.